Àga Tí Gúnrégé Gé Kúrú

Ọ̀wọ̀ ló sọ bàbá ìyá mi di ẹni tí kò lè dá dìde. Àwọn èèyàn ń sọ pé ogbó ni, pé ibi tí gbogbo ara ń lọ náà ni ara rẹ̀ ń lọ. Mi ò gbà. Inú ilé yẹn ni mò ń gbé, mo sì rí bó ṣe ṣẹlẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, láti ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ.

Gúnrégé ni wọ́n ń pè é. Káfíńtà ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé bó bá kan ilẹ̀kùn tán, atẹ́gùn á máa wá ibi tó máa gbà wọlé, kò ní rí i. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, yàrá rẹ̀ wà lókè, àtẹ̀gùn símẹ́ńtì kan ló so méjèèjì pọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á gbá èérún pákó tó ṣẹ́kù láti àná, á wá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń gba àbọ̀ lọ́wọ́ àdúgbò. Bó ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi nìyẹn.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, ìyá mi kó wá bá a, ó kó èmi náà dání. Ọmọ rere ni ìyá mi. Gbogbo àdúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì jiyàn. Bí Bàbá bá na ọwọ́ sí korobá, ìyá mi ti gbé e. Bí Bàbá bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ìyá mi ti kúnlẹ̀, ó ti ń wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Kí lẹ wá bí wa fún?"

Kò sí bí èèyàn ṣe lè dáhùn ìbéèrè yẹn láìdi ìjà. Bàbá á jókòó.

Àwọn ará àdúgbò náà ò kẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá bá gbé pákó léjìká, kò ní tíì gbé e sọdá títì kí ọ̀dọ́kùnrin kan tó sáré pàdé rẹ̀: "Ẹ mú un wá, Bàbá. Ẹ ò lè máa gbé ẹrù lójú wa." Ẹni tó bá rí arúgbó tó ń ru ẹrù tí kò gbà á, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa òun. Nítorí náà, wọ́n gba pákó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba òòlù. Wọ́n gba korobá. Nígbà tó yá, wọ́n gba ẹsẹ̀.

Ẹni tó parí rẹ̀ ni àkọ́bí Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta irin ìkọ́lé ní ìlú mìíràn. Onírin la ń pè é. Kì í sábà wá, nítorí náà ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ó ti fi irin ìdìmú àtẹ̀gùn ránṣẹ́ rí. Lẹ́yìn náà, ó fi àga kan ránṣẹ́, àga ńlá onítìmùtìmù tó rọ̀ bí òwú. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rì. Wọ́n gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n lókè, wọ́n gbé Bàbá sínú rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Onírin lórí fóònù, Bàbá sì rì sínú rẹ̀ fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Aránbàtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rán bàtà ní òdìkejì títì, ló máa ń bá wa gbá iwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá jókòó lórí àpótí kékeré nínú ilé ìwẹ̀, ó ń wẹ̀. Ó fi ọṣẹ para tán, ó fẹ́ dìde kó bu omi, ẹsẹ̀ ní òun ò sí nílé. Ó tún gbìyànjú. Ó pe ìyá mi, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, ìyá mi sì wà nísàlẹ̀. Nígbà tó máa gbọ́, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ Bàbá lára. Kò ṣubú, kò fara pa. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ọkùnrin tó ti kan ilẹ̀kùn fún ìdajì ìlú, kò lè dìde lórí àpótí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ìyá mi figbe ta. Ó pe Onírin, ó sì jẹ́ kí ohùn Onírin jáde sókè lórí fóònù kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Onírin wí. "Bàbá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ilé tèmi ò ní àtẹ̀gùn. Mo ń kọ́ yàrá kan mọ́ ọn lẹ́yìn, bó bá ti parí, mò ń wá gbé wọn. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà, mo ti rí ẹni tó máa gbà á. Ó ń ta fóònù."

Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Bàbá lójú Bàbá bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù: ibi tí wọ́n máa gbé e gbà, ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Bàbá jẹ́ kí wọ́n parí. Ó wá bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo.

"Ta ló máa wá máa ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Bàbá."

Kí wọ́n tó gbé e lọ, Onírin ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò tọ́jú bàbá òun. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní egungun rẹ̀ dáa, ọkàn rẹ̀ ń lù bó ṣe yẹ, kí wọ́n mú un lọ bá obìnrin kan ní ẹ̀yìn ọsibítù, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa tún lo ẹsẹ̀ àti apá wọn. Orúkọ tí Bàbá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni Tíṣà Ẹsẹ̀, orúkọ yẹn náà la sì ń pè é di òní.

Tíṣà Ẹsẹ̀ jókòó síwájú Bàbá. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde fún mi."

Ìyá mi ti fò dìde, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Bàbá.

"Mà, ẹ̀yin kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ dìde."

Ìyá mi jókòó. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, kò kúrò níbi tó wà. Obìnrin náà ò sáré ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàánú rẹ̀.

"Ta ló ń gbé omi ìwẹ̀ yín, sà?"

"Ọmọ mi ni."

"Ta ló ń wọ bàtà fún yín?"

"Òun náà ni."

"Ta ló ń gbé yín dìde lórí àga?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ kú oríire ọmọ, sà. Gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kí ẹsẹ̀ yín ṣe ni ọmọ yín ti bá a ṣe. Ẹ wo apá wọn bó ṣe le. Agbára yín ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ìyá mi wo apá ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn.

Tíṣà Ẹsẹ̀ bi Bàbá nípa iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé káfíńtà ni, ó ní, "Ẹ ti gba ọmọ iṣẹ́ rí nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbà tẹ́ ẹ ò rán níṣẹ́ kankan, kí ló máa ṣe?"

"Á kó ẹrù ẹ̀ lọ."

"Bí iṣan ẹsẹ̀ yín náà ṣe ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́, á padà wá, bẹ́ ẹ ti wù kẹ́ ẹ dàgbà tó. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó le díẹ̀. Èyí tó rọrùn ò ní mú un wá."

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Kó jókòó lórí àga tó le, èyí tó ga díẹ̀, kó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, kó fà sẹ́nu àga, kó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó wá dìde. Bó bá fẹ́ jókòó, kó rọra, kó má ṣe já lulẹ̀ bí àpò símẹ́ńtì. Kó máa ṣe é títí ẹsẹ̀ á fi máa ráhùn, kó sì fún un ní ìsinmi lọ́jọ́ kejì. Kí ohun tó lè dì mú wà nítòsí, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀. Bí àyà bá dùn ún tàbí tí ojú rẹ̀ bá ṣú, kó jókòó, kó sì padà wá sí ọsibítù. Àga tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó fi í sílẹ̀, kó wá èyí tó rẹlẹ̀ jù ú lọ.

Nínú takisí, ìyá mi ò dákẹ́. "Obìnrin yẹn ò lójú tì. Kí arúgbó máa ṣe eré ìdárayá bí ọmọ iléèwé! Ara tó ti ṣiṣẹ́ tó báyìí, ṣé kò yẹ kó sinmi ni?"

Nígbà tí a délé, Bàbá ní kí wọ́n gbé òun wọ ṣọ́ọ̀bù, òun fẹ́ rí àwọn irinṣẹ́ òun kí oní-fóònù tó dé. Ìyá mi ò lè kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Àga kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá kàn fún ara rẹ̀ láyé ọjọ́un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kò ní apá, òun ló máa ń jókòó lé bó bá fẹ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí pákó. Ó gbé e kọ ojú sí bẹ́ńṣì iṣẹ́ rẹ̀. Ó ká ọwọ́ sáyà. Ó tẹ imú síwájú. Ó dìde díẹ̀, ó padà já lulẹ̀. Ó di bẹ́ńṣì mú, ó tún un ṣe. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìsinmi, ó tún un ṣe. Èmi ni mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé Tíṣà Ẹsẹ̀ ní kí ẹnì kan wà níbẹ̀, àti nítorí pé mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi ṣe nǹkan kan.

Aránbàtà ti òdìkejì títì wá.

"Gúnrégé! Ṣé ìwọ àti àga yẹn ń jà ni?"

"À ń kí ara wa ni."

"Ẹ ti ń kí ara yín láti àárọ̀! Èwo nínú yín ló jù?"

"Òun ṣì ni ẹ̀gbọ́n. Padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Bàbá ò purọ́. Nígbà tó yá, ó ń dìde lórí àga náà láìfọwọ́ kan bẹ́ńṣì. Ó ní àga náà ti rọrùn. Gbogbo àga yòókù tó wà nílé, yálà wọ́n ga jù ú lọ ni tàbí wọ́n rọ̀ bí òwú. Nítorí náà, ó mú ayùn. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kò ju ìbú ìka kan lọ, ó gé e, ó sì tún jókòó sórí rẹ̀. Ó le díẹ̀. Ó dára. Nígbà tí ìyẹn náà rọrùn, ó tún gé ìbú ìka mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyá mi gbọ́ ìró ayùn láti òkè, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá! Àga tó dáa lẹ̀ ń gé yìí!"

"Mo mọ̀ pé ó dáa. Èmi ni mo kàn án."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ó ga jù."

Ìyá mi gòkè lọ, mo sì gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí fóònù: "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti ń gé àga o. Mo rò pé orí ti fẹ́ máa dà wọ́n rú." Onírin ní kó fara balẹ̀, wọ́n ti ń fi fèrèsé sí yàrá náà.

Bàbá gbọ́ ti fèrèsé yẹn. Òun ló fà á tó fi kánjú. Ìbú ìka kan ò tó o mọ́. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun dé kí yàrá Onírin tó parí. Lọ́jọ́ kan tó yẹ kó sinmi, ó mú ayùn, ó gé ẹsẹ̀ àga náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ tó ti fi ayùn sílẹ̀ fún ohun tó lé lọ́dún kan kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ayùn wọ́ kúrò lójú ìlà. Nígbà tó gbé àga kalẹ̀, ó ń tiro.

Mo ti gbọ́ tí Bàbá ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí lórí ohun yìí gan-an. Àga tó ń tiro, má ṣe gé ẹsẹ̀ tó gùn, fi igi ti abẹ́ èyí tó kúrú. Ẹni tó bá ń fi ayùn wá ìdọ́gba, àga á di àtẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó sì gé èyí tó gùn. Àga tiro sí òdìkejì. Ó gé ìyẹn náà. Ó tún tiro. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí àga náà máa fi dúró gírígírí, ó ti rẹlẹ̀ tó àpótí ilé ìwẹ̀.

Bàbá wò ó. Ó jókòó sórí rẹ̀. Ó ká ọwọ́ sáyà, ó tẹ imú síwájú. Kò dìde. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó wá jókòó jẹ́ẹ́, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bá a.

Igbe tó ké lọ́jọ́ náà ju ti ilé ìwẹ̀ lọ. Ó gbé Bàbá dìde, ó gba ayùn, ó lọ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì pe Onírin. Onírin ní òun ń bọ̀ lópin oṣù, yálà yàrá gbẹ tàbí kò gbẹ.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bàbá wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí àwọn ègé pákó tó gé kúrò lára ẹsẹ̀ àga wà káàkiri.

"Bá mi ṣa àwọn yẹn jọ," ló wí fún mi.

"Ẹ fẹ́ lẹ̀ wọ́n padà, Bàbá?"

"Ayùn kì í gé igi kó gùn. Òòlù ńkọ́, ṣé ìyá ẹ gba ìyẹn náà?"

"Wọ́n gbàgbé ìyẹn."

"Ó ṣeun. Bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn."

Ó wá àwọn pákó pẹlẹbẹ tó tó ìsàlẹ̀ àga náà, ó tò wọ́n léra lábẹ́ rẹ̀ títí àga fi padà ga bó ṣe yẹ. Àwọn ègé tó gé kúrò ló kàn yí etí pákó kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n má bàa yọ̀ kúrò lórí ara wọn. Nísinsìnyí, kò sí ìdí tí yóò fi gé ohunkóhun mọ́. Bí àga bá rọrùn, á fa pákó kan yọ. Bí èyí tó yọ bá pọ̀ jù, á dá a padà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Káfíńtà ni mí," ló wí. "Bí mo bá rí igi, kí n gé e ló ń wá sí mi lọ́kàn."

Ó wá ku ìyá mi. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá gbé korobá omi láti ẹnu ẹ̀rọ, tí ìyá mi sì na ọwọ́ láti gbà á, mo dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e."

"Ṣé èmi ni mo bí ẹ ni àbí ìwọ lo bí mi?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màámi. Bàbá ló sì bí yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé korobá wọn."

"Káwọn èèyàn máa wò mí lójú títì pé mo jókòó, bàbá mi ń pọn omi?"

"Ojú àwọn èèyàn kọ́ ló kọṣẹ́ nínú ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́sí. Ẹsẹ̀ Bàbá ni."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Bàbá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìyá mi ò gbé e. Ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì nà síwájú bí ẹni tó ń lé adìyẹ, kò sì fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi dé ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀, òun ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dá ayùn padà. Ó kàn gbé e sórí bẹ́ńṣì ni.

Onírin dé lópin oṣù pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, alágbàáṣe méjì, àti oní-fóònù tó mú téèpù dání. Pákó kan ṣì wà lábẹ́ àga Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tíì dìde rí láìsí pákó yẹn. Nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á yọ, ó sì jókòó.

Onírin wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti kí bàbá rẹ̀, ikùn ò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ jìnnà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lẹ wá ń ṣe nílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ta ló gbé Bàbá sórí àpótí? Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá gbé wọn."

Àwọn alágbàáṣe sún mọ́ ọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n."

Onírin yíjú sí i bí ẹni tí irin bú lójú ọ̀nà.

Bàbá ká ọwọ́ sáyà. Ó fà sẹ́nu àga, ó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú, ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga, ó dúró bẹ́ẹ̀ lófuurufú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì padà jókòó.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni Onírin wí. "Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹ gbé wọn, ẹ jàre."

Alágbàáṣe kan gbésẹ̀. Ìyá mi di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, kò sì jẹ́ kó lọ. Mo wo ìka rẹ̀. Apá tí Tíṣà Ẹsẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, mo rí ohun tó wúlò fún lọ́jọ́ náà.

Bàbá mí. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, imú rẹ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa. Itan rẹ̀ gbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ gbọ̀n. Ó ń dìde bí ilẹ̀kùn tó wúwo ṣe ń ṣí, díẹ̀, díẹ̀ sí i, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi nà tán. Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà.

Láti òdìkejì títì, Aránbàtà kígbe: "Gúnrégé! Ó ti di àbúrò ẹ!"

Bàbá rìn lọ bá oní-fóònù tó ti ń na téèpù sára ògiri.

"Kí lò ń wọ̀n, ọmọ mi?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni, sà. Wọ́n ní kò sẹ́ni ńbẹ̀."

"Kí lo wá rí?"

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì ká téèpù rẹ̀. Ó ní ẹ má bínú, sà. Òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú gbogbo àwọn tó yẹ kó sọ ọ́.

Onírin ò fẹ́ gbà. Ó wá ibi tó máa jókòó lé kó lè ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ dáadáa; àga kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ó jókòó. Ó sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn, nípa òjò tó máa ń mú àtẹ̀gùn yọ̀, nípa àwọn tó ṣubú tí wọn ò dìde mọ́. Ó sọ̀rọ̀ gígùn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bàbá dúró níwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé bẹ́ńṣì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"O ti sọ̀rọ̀ ire," ni Bàbá wí. "Bí òjò bá rọ̀, màá di irin àtẹ̀gùn mú. Irin tí ìwọ fúnra ẹ fi ránṣẹ́ ni. Dìde, ká lọ wò ó."

Onírin na ọwọ́ láti ti apá àga. Àga ò ní apá. Ó mì síwájú. Ó mì sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń ṣe é ṣeré, ó sì tún gbìyànjú. Àwọn alágbàáṣe sáré sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Bàbá wí.

Ẹ̀rín pa ìyá mi débi tó fi jókòó sílẹ̀. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti kó wá. Nígbẹ̀yìn, Onírin yí sí ẹ̀gbẹ́, ó fi orúnkún lélẹ̀, ó fà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì, ó dìde, èérún pákó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Òógùn bò ó.

"Bàbá," ló wí, "kí lẹ ṣe sí àga yìí?"

"Mo gé e kúrú ni. Àga tó o rà fún mi wà lókè. Gbé e lọ, kí ọkọ̀ má bàa lọ lófìfo. Ṣùgbọ́n má jókòó sínú ẹ̀ o. Òun gan-an ni àìsàn tó ṣe mí."

Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù náà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Onírin pè. Kò béèrè ìyá mi, kò béèrè ìgbà tí Bàbá ń bọ̀. Ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ bá òun kan irú àga yẹn, kó má sì fi rẹlẹ̀ púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

"Màá kàn án," ni Bàbá wí. "Àmọ́ ìwọ fúnra ẹ ni wàá wá gbé e. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni sí ọ."

Mi ò tíì dárí ji Onírin. Mi ò sì tíì dárí ji àdúgbò, nítorí pé wọn ò jáwọ́. Àwọn kan ń sọ báyìí pé ìyá mi ti yí padà, pé ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń gbé omi. Ìyá mi gbọ́, ó sì ń jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ itan rẹ̀ kí wọ́n má bàa fò dìde fúnra wọn.

Pákó àga Onírin dé ní àárọ̀ àná. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó pẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbá iwájú rẹ̀. Ó wá lọ gbé pákó kan léjìká láti etí títì. Ọ̀dọ́kùnrin kan rí i, ó sáré wá.

"Ẹ mú un wá, Bàbá! Ẹ ò lè máa gbé ẹrù lójú wa!"

"Di ojú ẹ," ni Bàbá wí, ó sì gbé pákó rẹ̀ wọlé.